Páálí káàdì eré Faransé tí mo rà ní Tákìé: eré ọjà inú ẹ̀ nìkan tó owó ẹ̀

Ẹ̀yin tísà Faransé ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rọ̀ páálí káàdì eré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ilé ìtàwé kan lẹ́bàá Tákìé ni mo ti rà á, ₦8,500, fún àwọn ọmọ JSS2 mi, torí àwọn ọmọ yìí á kọ nóòtì kún ìwé, wọ́n á ka verbe être (ọ̀rọ̀-ìṣe "jẹ́") lórí geerege, àmọ́ ẹ ní kẹ́nì kan bèèrè omi lọ́wọ́ yín ní Faransé, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́.

Eré ọjà inú ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan á jẹ́ ọlọ́jà, àwọn tó kù á jẹ́ oníbàárà, iye ọjà wà lára káàdì ọlọ́jà àmọ́ oníbàárà ò gbọdọ̀ wò ó, òun náà ní àwọn nǹkan tó gbọ́dọ̀ rà lára káàdì tiẹ̀ pẹ̀lú owó sẹ́fà (CFA) onípépà tí ò ní tó o tí ò bá nájà. Nígbà tóhun tí ọ̀kan mọ̀, èkejì ò mọ̀ ọ́n, kò sọ́nà àtidákẹ́, dandan ni kó bèèrè "C'est combien?" (èló ni?), tó bá gbọ́ iye ẹ̀, á ní "C'est trop cher, diminuez un peu!" (ó ti wọ́n jù, ẹ dín in díẹ̀!) Ọmọ tó ti ń bá ìyá ẹ̀ tajà, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní nínájà, Faransé tó máa fi ná an nìkan ló ń wá. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló máa ń wò tí mo bá ti pè é, òun ló ń ta tòmátì, oníbàárà ní "huit cents" (800), ó ní "non, mille!" (rárá, 1,000!), ọmọkùnrin yẹn ṣe bí ẹni ń lọ, lọmọbìnrin náà bá pariwo "venez, venez, neuf cents!" (ẹ wá, ẹ wá, 900!), kíláàsì hó yèè. Inú mi dùn gan-an ni. Mi ò tún àṣìsọ kankan ṣe níbẹ̀, mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀, kíláàsì tó tẹ̀ lé e la tó yanjú ẹ̀, torí téèyàn bá ń dá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀, ẹnu yẹn á tún padà dì.

Sẹ́fà tí wọ́n lò dáa, òun náà ni wọ́n ń ná ní Kútọnu àti Lomé, ó máa wúlò fún ọmọ tó bá sọdá Sẹ̀mẹ̀ lọ́la. Àmọ́ fromage (wàràkàṣì), croissant (búrẹ́dì àwọn Faransé) àti fraise (strawberry) ni wọ́n yà sára káàdì, àwọn ọmọ ò mọ̀ ọ́n, mo bá gé páálí, mo ya igname (iṣu), piment (ata), oignon (àlùbọ́sà) àti haricots (ẹ̀wà) dípò. Eré lótò tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ńbà níbẹ̀ dúró sí 60, bẹ́ẹ̀ 70 sókè ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ kọ soixante-dix (70) dé quatre-vingt-dix-neuf (99) kún un. Aago onípáálí, ó wà náà, mi ò tíì lò ó púpọ̀.

Ohun tó dùn mí ni ohùn tí wọ́n láwọn fi sí i, ẹ máa fi fóònù ya àmì kan kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ ni, tèmi ò ṣí, ẹni tó tà á fún mi ní títà làwọn ń tà.

Ogún ọmọ ni káàdì yẹn máa kárí, tẹ́ ẹ bá ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣe fọ́tókópì kẹ́ ẹ sì pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ tọrọ double period, ìṣẹ́jú 40 ò tó. Ẹ tú páálí wò kẹ́ ẹ tó sanwó o, káàdì ọlọ́jà kan ò sí nínú tèmi.