Àpótí hólógíráàmù oníkọ̀ǹpútà: kámẹ́rà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, sírínì rẹ̀ kò tíì tó

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó kà jìnnà: bó bá jẹ́ torí àwòrán tó ń léfòó láàárín pálọ̀ lẹ ṣe ń wá irú àpótí hólógíráàmù yìí (hólógíráàmù ni àwòrán tí a fi lésà yà, tó ń tọ́jú ìjìnnà nǹkan), ẹ fi owó yín sápò. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mú ìmọ́lẹ̀ tó ń ta bọ̀ láti ara nǹkan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ tòun ti ìjìnnà rẹ̀, kí ẹ wá fi kọ̀ǹpútà tú u wò bó ṣe wù yín, ẹ jókòó, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Lésà pupa kan wà, gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 633, agbára rẹ̀ kò tó mílíwáàtì 1. Kámẹ́rà kan wà tí kò ní lẹ́ǹsì rárá. Dígí mélòó kan, ègé kan tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì, pátákó irin tó wúwo bí nǹkan míì, sírínì kékeré kan, àti sọ́fítíwíà.

Kámẹ́rà tí kò ní lẹ́ǹsì ni gbogbo ẹni tó bá rí i máa ń béèrè nípa rẹ̀. Kámẹ́rà inú fóònù ń ka bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nìkan, kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Níbí, wọ́n pín lésà sí méjì: apá kan lọ ba ohun tí ẹ fẹ́ yà, ó ta padà sójú kámẹ́rà; apá kejì wá tààrà. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, wọ́n á fa ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín, dúdú àti funfun, inú àwọn ìlà yẹn sì ni ìjìnnà wà. Dennis Gabor, onímọ̀ físíìsì, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1948, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1971. Fíìmù àti kẹ́míkà ni wọ́n fi ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1994 ni àwọn onímọ̀ méjì, Schnars àti Jüptner, ní Jámánì gbé kámẹ́rà oníná síbi tí fíìmù wà, tí wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ tó kù. Ohun tí wọ́n kó sínú àpótí yìí nìyẹn.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ wo fọ́tò tó yà, ẹ ó rò pé ó ti bàjẹ́. Eérú lásán ni. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí àwọn ìlà yẹn, wọ́n sún mọ́ra débi pé ojú ń ro ni. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ kékeré kan síwájú, mo fi bóòtù kan (irin tí wọ́n fi ń de nǹkan pọ̀) sẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Mo tẹ bọ́tìnì. Ohun mẹ́ta ló jáde lójú kọ̀ǹpútà: igun mẹ́rin tó mọ́lẹ̀ gbòò ní àárín, kọ́kọ́rọ́ mi ní apá kan, àti ìbejì kọ́kọ́rọ́ náà ní apá kejì, tó dorí kodò, tó sì ṣú bàìbàì. Bóòtù ò hàn dáadáa. Mo wá fa ọ̀pá ìjìnnà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, láti sẹ̀ǹtímítà 40 lọ sí 46, ni kọ́kọ́rọ́ bá ń yọ́ lọ, bóòtù bá ń yọ, títí tí mo fi ka àwọn ìlà tó yí ara rẹ̀ ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò kan ṣoṣo ni o! Mi ò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò bí ìgbì ṣe rìn. Mo mọ ìṣirò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ẹnu yà mí.

Ìbejì yẹn àti ìmọ́lẹ̀ àárín yẹn, ọ̀nà wà láti lé wọn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn dígí náà jókòó lórí ohun kan tí iná ń tì síwájú ní nánómítà 79 lẹ́ẹ̀kan, kámẹ́rà á yàwòrán mẹ́rin, sọ́fítíwíà á pa wọ́n pọ̀. Yamaguchi àti Zhang ló gbé èyí jáde ní 1997. Ó ṣiṣẹ́, ó sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ mira láàárín àwòrán mẹ́rin náà, ibẹ̀ sì ni ìyà wà.

Ìwé ìlànà ní kí a gbé e sórí "tábìlì tó dúró dáadáa". Ọ̀rọ̀ yẹn kò tó rárá. Bí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà bá yí ní nánómítà 316 péré nígbà tí kámẹ́rà là sílẹ̀, àwọn ìlà á parẹ́, iye yẹn ò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ irun orí. Ẹni tó ń rìn ní yàrá kejì á bà á jẹ́. Fáànù á bà á jẹ́. Kódà èémí yín níwájú lésà á bà á jẹ́, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni tíúbù táyà tí mo fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí, tí mo tẹ́ sábẹ́ pátákó irin. Kò sí nínú ìwé ìlànà wọn, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ má sì gbé ohun ńlá síwájú rẹ̀. Píkísẹ́lì kámẹ́rà yìí, ìyẹn àwọn ojúàmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, fẹ̀ ní máíkírómítà 3.45, èyí tó túmọ̀ sí pé igun tó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ méjèèjì kò lè ju dígíríì márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn ìlà á kéré ju ohun tí kámẹ́rà lè kà. Kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ojú èèyàn, rárá.

Ó wá ku sírínì. Wọ́n ń pè é ní SLM, ohun èlò tó ń darí ìgbì ìmọ́lẹ̀: píkísẹ́lì 1920 ní 1080, ọ̀kọ̀ọ̀kan máíkírómítà 8, gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 15 ní 9. Kì í tan àwòrán, ńṣe ló ń dá ìgbì lésà dúró díẹ̀ níbì kan, tó sì ń jẹ́ kó kọjá níbòmíràn, kí ìgbì náà lè tún ara rẹ̀ tò bí èyí tó wá láti ara kọ́kọ́rọ́. Ojúlówó ìjìnlẹ̀ ló ń gbé jáde. Mo gbé kámẹ́rà fóònù síbẹ̀: mo fojú sun kọ́kọ́rọ́, bóòtù ṣú, mo fojú sun bóòtù, kọ́kọ́rọ́ ṣú. Fáànù oníná tó ń yí biri-biri nínú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń pè ní hólógíráàmù, kò lè ṣe èyí. Àwọn olórin olóògbé tí wọ́n ń gbé jáde lórí ìtàgé náà kò lè ṣe é, ọgbọ́n jígí tí Pepper fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1862 ni.

Àmọ́ igun tí ẹ lè wò ó kò ju dígíríì mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ. Ojú kan ni ẹ ó fi wò ó, bí ẹni ń yọjú lójú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ mi orí díẹ̀, ó ti lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe é pátápátá. Sírínì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 lóòró àti níbùú, tí a lè wò láti igun dígíríì 60, máa nílò nǹkan bíi bílíọ̀nù 100 píkísẹ́lì, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n 4K ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 8. Ẹ̀bi tiwọn ni pé fọ́tò ara páálí fi ẹbí kan hàn tí wọ́n jókòó yí kọ́kọ́rọ́ ńlá ká. Irọ́ gbuu ni.

Àwòrán náà sì ń ta wínníwínní, bí lésà ṣe máa ń ṣe. Sọ́fítíwíà ń fi ìlànà Gerchberg àti Saxton ti 1972 tún un ṣe, ó ń lọ ó ń bọ̀ títí á fi dára, ó kàn ń falẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi ni. Ní 2021 àwọn kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ti fi ọpọlọ àtọwọ́dá ṣe irú iṣẹ́ yìí ní kíákíá, mo sì ń retí kí wọ́n fi irú rẹ̀ kún tiwa. Àwọ̀ ńkọ́? Pupa nìkan. Lésà mẹ́ta ni ẹ ó nílò, lọ́tọ̀ lẹ sì máa ra méjì tó kù.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ yí padà lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u: sọ́fítíwíà ń tọ́jú àwòrán sí JPEG bí ẹ ò bá sọ fún un. JPEG máa ń ju àwọn ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín nù torí ó rò pé wọn ò wúlò. Ẹ lọ sí ètò, ẹ yan TIFF, irú fáìlì tí kì í jù wọ́n nù. Fáìlì kọ̀ọ̀kan á wúwo tó mẹ́gábáìtì 10, ẹ wá àyè fún un.