Ẹ̀gbà ọwọ́ alábọ́tìnnì fún èébì kẹ́mò: mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un

Ẹ ọ̀kun o. Télọ̀ ni mí, ní Ìsánlú. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, méjì ló wà nínú páálí kan. Aṣọ híhun ni, aláwọ̀ eérú, rọ́bà wà nínú rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka méjì. Ní inú lọ́hùn-ún ni wọ́n kan bọ́tìnnì oníke funfun kan mọ́, tó yọ róbótó bí ìdajì hóró ẹ̀wà. Kò ní bátìrì, kò ní abẹ́rẹ́, kò ní oògùn. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Manchester ló fi ránṣẹ́. Ó ní àwọn tí ọkọ̀ ojú omi máa ń kọ̀ lára ló ń wọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún. Bí mo ṣe tú páálí ni mo ti na rọ́bà rẹ̀ wò, bí mo ṣe máa ń na ti ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì, mo sì ti mọ̀ pé kò ní pẹ́ dẹ̀.

Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n rí lára mi, ti òsì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ àwọn kókó abíyá, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n máa wá gba kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ní Ìlọrin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, ọjọ́ 21 láàrin ọ̀kan sí èkejì. Doxorubicin wà nínú rẹ̀, oògùn pupa kan báyìí. Tí mo bá tọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá gbà á, ìtọ̀ mi á pọ́n bíi sóbò.

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbà kò tíì dé. Èébì bíbì kọ́ ni mo fẹ́ rojọ́ rẹ̀, nítorí tí èèyàn bá bì í, ara á fúyẹ́ díẹ̀. Èyí tó ń gbé ni tí kò jáde ni mò ń wí, tí itọ́ á kàn máa sun lẹ́nu, tí nǹkan kan á máa gòkè wá dé ọ̀fun tí á tún padà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ń se irú, mo ní kí wọ́n bá mi ti fèrèsé. Ọkọ mi gúnyán fúnra rẹ̀ (ẹ gbọ́ o, ọkọ mi!), mò ń gbọ́ ìró ọmọ odó láti orí ibùsùn, omi ń bọ́ lójú mi, torí mo mọ̀ pé mi ò ní lè tọ́ ọ wò.

Ẹ̀gbà dé kí ìgbà kejì tó pé. Ojú ibi tí bọ́tìnnì á tẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín sókè, ẹ wo ilà tó wà ní ọrùn ọwọ́. Ẹ to ìka mẹ́ta ti ọwọ́ kejì láti orí ilà yẹn lọ sí ọ̀nà ìgbọ̀nwọ́, kí ìka òrùka wà lórí ilà. Ibi tí ìka ìfábẹ̀là bá parí sí, ẹ wá àárín iṣan méjì tó le bí okùn. Tí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀ wọ́n á yọ síta. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ṣáínà ń pè ní Neiguan, tí àwọn dókítà ń kọ ní P6. Ìka ẹni fúnra ẹni ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n o. Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ bá mi fi ìka tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Àgbẹ̀ ni, ìka rẹ̀ kan tó méjì tèmi, bọ́tìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì apá. Èmi tí mò ń fi téèpù wọn ọmọ aráyé láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo jókòó, mo ń wò ó.

Ìwé inú páálí ní kí n wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ méjèèjì, ibẹ̀ ni mo ti yọ máàkì kan kúrò. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fi omi sí mi lára rí i, ó ní, “Mọ́mì, ẹ bá mi bọ́ ti òsì yẹn kíá.” Ó ní apá tí wọ́n bá ti yọ kókó abíyá rẹ̀, a kì í so ohunkóhun mọ́ ọn pinpin, kó má baà wú. Mo tún ìwé náà kà lọ́jọ́ yẹn, tojú tẹ̀yìn, kò sí gbólóhùn kan nípa rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣé abẹ́rẹ́ gan-an kò ní dáa jù? Wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀. Acupuncture tòótọ́, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń gún ojú ibẹ̀ kan náà, àwọn mìíràn á fi iná mànàmáná díẹ̀ sí i. Lọ́dún 1997, ìgbìmọ̀ kan tí National Institutes of Health, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, pè jọ sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ fún èébì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti èébì kẹ́mò. Ṣùgbọ́n láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, mi ò rí ẹni tó ń gún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kẹ́mò máa ń dín agbára ẹ̀jẹ̀ kù, ojú abẹ́rẹ́ kékeré lè máa ṣẹ̀jẹ̀ tàbí kó kẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ o, ti máṣíìnì ti gún èékánná mi já rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àjàṣẹ́-Ìpo. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, tí mọ́tò bá ti dé oríta Àjàṣẹ́ báyìí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi oògùn kàn mí, itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Ìrántí òórùn sípíríìtì lásán! Níbẹ̀ ni ẹ̀gbà yìí ti gba máàkì lọ́wọ́ mi jù. Mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì náà mọ́ra díẹ̀díẹ̀, mò ń ka òpó iná, títí a ó fi wọ Ìlọrin. Nílé náà, èébì gbígbé ọjọ́ kejì àti ìkẹta lọ sílẹ̀. Mo mu ẹ̀kọ, mo sì jẹ iyán díẹ̀. Èébì bíbì ọjọ́ àkọ́kọ́ kò yí padà. Mi ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan pamọ́: ìgbà kejì yìí kan náà ni dókítà fi olanzapine kún oògùn alẹ́ mi, lórí ondansetron, oògùn èébì tí mò ń lò tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá ní èwo nínú wọn ló ṣe é, mo rò pé oògùn ló gbé èyí tó pọ̀ jù.

Ìgbà kẹta ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Mo dé ilé, ara rọ̀ mí bíi ti ìgbà kejì, mo ń yin ẹ̀gbà. Àfi ìgbà tí mo fẹ́ wẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé ó ti yí, bọ́tìnnì wà ní ẹ̀yìn ọwọ́! Àmì rẹ̀ pupa róbótó sì wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́hùn-ún. Mo pe àbúrò mi, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ka ìwádìí kan fún mi lórí fóònù. Lọ́dún 2013 ni wọ́n gbé e jáde ní ìlú òyìnbó níbẹ̀: àwọn 500 tó ń gba kẹ́mò, wọ́n pín wọn sí mẹ́ta, àwọn kan wọ ẹ̀gbà gidi, àwọn kan wọ ayédèrú, àwọn tó kù ò wọ nǹkan kan, gbogbo wọn ń lo oògùn èébì. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí láàrin wọn kò tó èyí tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Síbẹ̀ àwọn tó wọ̀ ọ́, ti gidi àti ti ayédèrú, ní ó ran àwọn lọ́wọ́. Èmi ló ń báwí.

Mo ṣì wọ̀ ọ́ nígbà kẹrin. Láti ibi tí a gbé jókòó nínú mọ́tò yẹn, nǹkan kan tí ọwọ́ mi lè dì mú sàn ju kí n di ike èébì mú lọ.

Ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn o. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra ní, “Ìyá Télọ̀, ta ló ṣe ìfúnpá yìí fún yín?” Mo bọ́ ọ, mo fi bọ́tìnnì hàn án. Ó fi èékánná họ ọ́ títí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ṣé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ṣá.

Rọ́bà rẹ̀ dẹ̀ lóòótọ́, kó tó pé oṣù méjì. Máàkì kejì nìyẹn. Mo gé ìlásítíìkì tuntun, mo fi bọ́tìnnì bùbá tó ní ìdí kan mọ́ ọn, mo fi àjákù aṣọ híhun bò ó. Gbogbo rẹ̀ kò ju ₦500 lọ, kò sì yí mọ́ torí mo fi ìkọ́ sí i. Obìnrin kan láti Mopà tí a jọ ń gba kẹ́mò ní kí n bá òun ṣe ọ̀kan, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn méjì míì. Ẹni tó bá fẹ́, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ná, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ń gba ìwọ̀n lórí fóònù. Ìka mẹ́ta tirẹ̀ ni mo nílò.