Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì bàbá mi: àgbéyẹ̀wò àwòrán ẹbí tí mo ní kí wọ́n yà fún mi n'Íbàdàn

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbé àwòrán náà dé, èmi ni mo sì tú bébà ara rẹ̀. Ojú Màmá ni mo kọ́kọ́ rí. Ó jọ wọ́n débi pé mo pariwo. Gèlè wọn tó máa ń tẹ̀ sápá kan wà níbẹ̀, pélé mẹ́ta ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá wà níbẹ̀, èmi àti èkejì mi wà lórí ẹní. Ìgbà tí ojú mi sọ̀ kalẹ̀ dé itan Bàbá ni ara mi gbóná. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì sí.

Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi. Àtíìsì ni wọ́n, Mọ́kọ́lá ni wọ́n ti ń kọ sáìnì-bọ́ọ̀dù, àmọ́ wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ kánjúkánjú wálé. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́. Tíṣà fi pàṣán na ọwọ́ yẹn títí nílé ìwé, kò yí padà. Nítorí rẹ̀, láti ẹ̀yìn ni Bàbá ti ń kọ ọ̀rọ̀, kí ọwọ́ má baà pa ọ̀dà tútù rẹ́. Nínú fọ́tò, "TÉLỌ̀" ni wọ́n ń kọ: LỌ̀ ti parí, TÉ ṣì wà ní ìlà pẹ́ńsù. Wọ́n yí ìyẹn náà padà, TÉ ló wá parí!

Mo pe ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Àǹtí, ọ̀gá ló ní ká tún un ṣe. Ọwọ́ òsì ò yẹ Bàbá." Mo ní ta ló bẹ̀ yín? Ó ní àwọn oníbàárà míì máa ń dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ayùn rẹ́ igi férémù. ₦85,000 ni mo san, ìrántí ọdún kẹwàá Bàbá sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, àmọ́ ọwọ́ òsì yẹn ló kọ́ ilé bàbá tèmi.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ayàwòrán fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, kò ṣàwáwí. Ó ní ká fi àpótí tí Bàbá máa ń jókòó lé han òun. Ọ̀dà pupa, funfun àti àwọ̀ ewé ti gbẹ lé ara wọn lápá òsì, níbi tí wọ́n ti ń nu búrọ́ọ̀ṣì. Apá ọ̀tún mọ́ tónítóní. Ó fọwọ́ pa á, kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Alẹ́ mẹ́ta gbáko ló fi wá yàwòrán ní pálọ̀ wa. Màmá fi ọwọ́ òsì tiwọn mú pẹ́ńsù láti fi hàn án bí àtàǹpàkò Bàbá ṣe máa ń tẹ̀. Ó tún bi wá léèrè bébà tó wà lára ògiri nínú fọ́tò. Aina Onabolu ni, ayàwòrán ará Ìjẹ̀bú-Òde tó ya Mrs Spencer Savage ní 1906, ọdún 14 kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní London. Bàbá ló gé e nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀gá yà á síbẹ̀, ó kéré bí èékánná, síbẹ̀ ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Èédú ló fi yà á, ó sì fi páálí yí etí rẹ̀ ká kí gíláàsì má baà kan èédú. Iṣẹ́ náà mọ́. Àmọ́ wọ́n tún gba ₦12,000 lọ́wọ́ mi fún férémù kejì, lórí àṣìṣe tiwọn! Àwọn àlejò ìrántí ti ń jẹun nígbà tí férémù náà dé. Ọmọbìnrin yẹn ò sì tíì bẹ̀ mí dòní. Tí ẹ bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún wọn, ẹ kọ ohun tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí a gbé e kọ́, Màmá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ káàbọ̀."

Mo fún wọn ní 3 nínú 5. Lóṣù tó ń bọ̀, màá gbé fọ́tò ìgbéyàwó Màmá lọ bá ọ̀gá yẹn.