Ọdún Mẹ́rin Tí Cerezyme Ti Wà Nínú Fíríìjì Wa

Ó ti tó ọdún 4 tí àbúrò mi ọkùnrin ti ń gba oògùn Cerezyme sára nílé wa ní London nítorí àìsàn Gaucher. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú bí ti aboyún, imú rẹ̀ a máa ṣẹ̀jẹ̀ láìnídìí, egungun itan a sì máa ro ó débi pé kì í lè sùn. Àwọn ẹbí kan ní ibà ni, àwọn mìíràn ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo, èròjà ara tí ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́, ni kò pé lára rẹ̀.

Inú láísósóòmù ni ẹ́ńsáìmù náà ti ń ṣiṣẹ́. Láísósóòmù, tí Christian de Duve ará Bẹ́ljíọ̀mù ṣàwárí ní 1955, jẹ́ àpò tíntìntín nínú sẹ́ẹ̀lì, tí omi inú rẹ̀ kan, tí ẹ́ńsáìmù bí 60 inú rẹ̀ sì ń fọ́ ohun tí ó ti gbó sí wẹ́wẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè rí i tún lò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà nínú ẹ̀dọ̀, nínú mùdùnmúdùn egungun àti nínú ọlọ inú, lábẹ́ egungun ìhà òsì, tí ń gbé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó ti darúgbó mì. Lára àbúrò mi, ọ̀rá tí ó bá wọn wọlé kì í dà. Ó ń jọ sínú láísósóòmù títí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fi wú, tí ikùn sì wú pẹ̀lú wọn.

Ẹ́ńsáìmù yẹn gan-an ni Cerezyme. Tẹ́lẹ̀, inú ibi ọmọ ni wọ́n ti ń yọ Ceredase, oògùn tí ó ṣáájú rẹ̀, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1991. Sẹ́ẹ̀lì hámísítà, ẹranko kékeré bí eku, ni wọ́n fi ń ṣe Cerezyme láti 1994. Ohun tí mo yìn jù ni pé wọ́n gé ṣúgà ara rẹ̀ kí mannose, irú ṣúgà kan, lè hàn síta, nítorí mannose ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá náà fi ń dá a mọ̀ tí wọ́n fi ń gbé e mì lọ sí láísósóòmù.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni nọ́ọ̀sì ń wá po ìyẹ̀fun funfun náà mọ́ omi, láìgbọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń fà á sí i nínú iṣan fún bíi wákàtí kan sí méjì. Láàárín oṣù díẹ̀, imú rẹ̀ kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́, ikùn sì ń fà sẹ́yìn. Egungun pẹ́ ní tirẹ̀. Ó lé ní ọdún méjì kí ìrora náà tó lọ.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Kò lè wọ inú ọpọlọ, nítorí náà kò ran àwọn ọmọ tí irú àìsàn náà kan kọlù ọpọlọ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀, èyí sì ń bà mí nínú jẹ́. Títí ayé ni a ó máa gbà á, owó rẹ̀ fún àgbàlagbà sì lè ju $200,000 lọ lọ́dún. NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, ni ó ń san tiwa. Nígbà kan, àwọn tí ń gbé e wá fi í sílẹ̀ títí yìnyín fi yọ́, bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 Celsius lọ. Ọjọ́ 4 ni a fi dúró de òmíràn. Ní 2009, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì dá iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é dúró ní Boston, oògùn sì wọ́n káàkiri ayé. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn pé taliglucerase, oògùn mìíràn fún àìsàn yìí tí a ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì kárọ́ọ̀tì, ti wà láti 2012.

Ọjọ́ Ẹtì ni nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Mo ti wo fíríìjì láàárọ̀ yìí: ìwọ̀n 4 ni.