Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó: ṣé ká tún un ṣe nílé ni, àbí ká ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀?

Bí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì (hẹ́ẹ̀dì) àti ara rẹ̀ (bọ́lọ́ọ̀kì), bá ti jó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká lọ gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn wá." Mo ti náwó sí ọ̀nà méjèèjì. Mo ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ fún mọ́tò tí mo lò tẹ́lẹ̀. Corolla tí mò ń wà báyìí, inú ọgbà ilé mi la ti ṣí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èmi àti àbúrò mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Èéfín funfun tí ẹ rí láàárọ̀ ọyẹ́ kì í ṣe àrùn. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni èéfín tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi tó ń dín kù tí ilẹ̀ kò sì tutù, ọ́ìlì tó ti yí padà tó rí bí ògì, àti omi tó ń hó lẹ́nu rẹdíétọ̀ nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì mọ́tò tí kò tíì gbóná rárá.

Owó: títún un ṣe ló dín. Ẹ ro gásíkẹ́ẹ̀tì, bóòtù tuntun, ọ́ìlì àti owó ẹni tó máa fi ẹ̀rọ fá ojú hẹ́ẹ̀dì kó lè tẹ́jú pọ̀, wọn kì í dé ibi tí owó ẹ́ńjìnnì wà.

Àsìkò: ẹ́ńjìnnì ló yá. Bí ọwọ́ bá pé, ọjọ́ kan tàbí méjì ti tó. Hẹ́ẹ̀dì tó bá lọ fún fífá lè mú yín gun ọ̀kadà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìwé mọ́tò: nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun kò ní bá èyí tó wà nínú ìwé yín mu mọ́. Bí ẹ kò bá lọ ṣàtúnṣe rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò wà láàárín yín àti ọlọ́pàá lójú ọ̀nà.

Èyí tó gba owó lọ́wọ́ mi jù ni ti ohun tí èèyàn lè fojú rí kó tó sanwó. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ máa ń wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kò sí omi, kò sí ọ́ìlì, kò sì sí bí ẹ ṣe máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Olùtajà á ní kí ẹ lọ dán an wò fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí mo gbé wá láti Ìbàdàn ń dán yinrinyinrin, àmọ́ kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, tí èéfín búlúù ń tẹ̀ lé mi láti Tákié títí dé ilé. Ẹni tó tà á kò jà, ó fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀, owó àwọn tó gbé e sí i tí wọ́n tún gbé e kúrò, ọ́ìlì tá a rọ sí i, èmi ni mo san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pààrọ̀, wọn kì í dá owó iṣẹ́ padà.

Ohun tó jó gásíkẹ́ẹ̀tì yín ṣì wà nínú mọ́tò náà o. Rẹdíétọ̀ tí ìdọ̀tí omi kànga ti dí, fáànù tí kì í yí mọ́, thermostat (fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) tí ẹnì kan yọ dànù torí pé "ilẹ̀ wa gbóná", kò sí èyí tó bá ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lọ. Tòkunbọ̀ tí ẹ bá gbé sáàárín wọn á jó bíi ti àkọ́kọ́.

Nílé, ẹ̀rí wà lójú yín. Nígbà tá a gbé hẹ́ẹ̀dì Corolla yìí kúrò, a rí ibi tó ti jó: ìlà dúdú kan tó la àárín sìlíńdà kejì àti ìkẹta kọjá, níbi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti tín-ín-rín jù. A nu ojú hẹ́ẹ̀dì, a gbé rúlà irin tó tọ́ lé e, àbúrò mi tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ sì yọ. Toyota kò fàyè gba àlàfo tó ju 0.05 mm lọ lórí hẹ́ẹ̀dì yìí. Ewé feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé wọ́ọ́rọ́. Hẹ́ẹ̀dì ti tẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sábẹ́ irú rẹ̀ láìfá a, á tún un ṣí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sandpaper ha ojú hẹ́ẹ̀dì náà, torí gásíkẹ́ẹ̀tì onírin fẹ́ ojú tó dán. Ẹ sàmì sí ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì (timing chain) kí ẹ tó tú u. Ẹ nu omi àti ọ́ìlì kúrò nínú ihò bóòtù, nítorí bóòtù tó bá tẹ omi mọ́lẹ̀ lè la bọ́lọ́ọ̀kì. Bóòtù mẹ́wàá ló wà lórí ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla mi: láti àárín ni ẹ ó ti máa dì wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí dé 49 N·m, kí ẹ tó wá yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 90 dìgíríì sí i. Ẹ yá torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń di bóòtù), ẹ má fi agbára apá díwọ̀n rẹ̀.

Ní ti oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú rẹdíétọ̀, ohun tó bá lè dí ihò gásíkẹ́ẹ̀tì lè dí ihò rẹdíétọ̀ náà.

Tòkunbọ̀ ní àyè tirẹ̀. Bí bọ́lọ́ọ̀kì bá ti là, tàbí tí ọ́ìlì olómi ti jẹ bẹ́ríìnì tí ẹ́ńjìnnì sì ń kan, ẹ lọ rà á. Camry 2.4 ti ọdún 2002 sí 2006 náà gba àkíyèsí: tírẹ́ẹ̀dì inú bọ́lọ́ọ̀kì rẹ̀ máa ń fà jáde, pàápàá níbi bóòtù ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹsẹ̀ bóòtù kọ̀ọ̀kan dáadáa. Bí alumíníọ̀mù bá lẹ̀ mọ́ ọn, gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè gbà yín, àfi kí ẹ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi tírẹ́ẹ̀dì irin tuntun sí i. Bí ẹ bá sì máa ra ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ tún rẹdíétọ̀ ṣe, kí ẹ sì ní kí olùtajà kọ ọ́ sórí rìsíìtì ẹni tó máa san owó iṣẹ́ bí ẹ bá ní láti dá a padà.