NCE Ọlọ́dún Mẹ́ta Lórí Títọ́ àti Kíkọ́ Ọmọdé: Ohun Tí Mo Bá Níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ àǹtí tó ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi láìtíì ní ìwé ẹ̀rí ló ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó tọ́ kí àwọn lọ ka ECCE, ẹ̀kọ́ nípa títọ́ àti kíkọ́ ọmọdé, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Mo ní kí wọ́n lọ. Mo ti ka NCE náà, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fúnni, parí, òun ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ mi ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí, ibẹ̀ ò sì ṣeé fi pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ náwó.

Àwọn ẹbí máa ń bini pé ṣé iṣẹ́ kí á máa nu ikun ọmọ náà ló ń gba ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta gbáko ni o. Àjọ NCCE, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1989, ló ń la ohun tí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò kọ́ni kalẹ̀. Ẹni tó ń ka Yorùbá lè so ó pọ̀ mọ́ Ìtàn, àmọ́ ECCE kì í ní ẹnìkejì. Ọmọdé lẹ máa kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ìdàgbàsókè rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, eré rẹ̀, ìlera rẹ̀, pẹ̀lú àwọn kọ́ọ̀sì bíi Gẹ̀ẹ́sì tó di dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá gba ìwé náà lè bá Direct Entry wọ yunifásítì ní ọdún kejì, ó sì lè ṣe ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn olùkọ́.

Ohun tó ṣe mí láǹfààní jù lọ kò sí nínú ìwé kankan. Olùkọ́ wa obìnrin kan, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní kí oníkálukú lọ jókòó sí igun kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ọgbà wa, kó yan ọmọ kan ṣoṣo, kó sì máa kọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe sílẹ̀. "Ẹ má kọ pé ó ya ọ̀lẹ. Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe." Wọ́n á dá ìwé ẹni padà tí wọ́n bá rí "alágídí" tàbí "ọlọ́pọlọ pípé" nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ni mo yàn, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí àǹtí rẹ̀ sọ fún mi pé kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí àwọn yòókù ń pariwo "A for apple", ẹnu rẹ̀ kò mì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, ó ń to ìdérí ìgò: pupa sọ́dọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé sọ́dọ̀ aláwọ̀ ewé. Ó ku funfun kan ṣoṣo. Ó yí i wò, ó nà án sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Èyí ò lẹ́nìkejì, ìwọ mú un." Ọmọ yẹn ń ṣe ìṣirò, Yorùbá ló sì fi ń ṣe é.

Mo ti kọ́ iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá sórí fún ìdánwò ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1970, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ onídèérí yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Wọ́n tún kọ́ wa bí ọmọ ṣe ń ronú. Gbogbo ìwé ló ń dárúkọ Jean Piaget, ará Switzerland, àmọ́ wọ́n jẹ́ kí a fojú ara wa rí ohun tó ń sọ. Ẹ bu omi sínú ife méjì tó bára mu, kí ọmọ ọdún mẹ́rin gbà pé ó dọ́gba. Ẹ wá da ti ọ̀kan sínú ife tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Yóò ní ti inú èyí tó ga ló pọ̀ jù. Ẹ dà á padà lójú rẹ̀, ó dọ́gba. Ẹ tún dà á sínú gíga, ó tún ti pọ̀ sí i. Òye rẹ̀ kò tíì débẹ̀ ni. Nígbà tó bá ń tó ọmọ ọdún méje ni yóò máa yé e. Àǹtí tó bá ti rí èyí kò ní na ọmọ torí ìṣirò mọ́.

Ṣíṣe ohun èlò ìkọ́ni dùn mọ́ mi, ó sì ń gba owó. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní Róòmù ní 1907, máa ń lo lẹ́tà tí ọmọ lè fi ìka tọ̀. A gé páálí, a fi gọ́ọ̀mù ya lẹ́tà sí i, a ku iyanrìn tí a ti jọ̀ lé e, a sì sá a sóòrùn. Lẹ́tà 25 ti Yorùbá ni mo ṣe, "gb" wà lórí páálí tirẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣì ń fi ìka tọ̀ ọ́ títí di òní.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Èrò pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn ò ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Nígbà tí a lọ TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n rán mi sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ìṣirò Praimári 4 ni ọ̀gá ibẹ̀ gbé lé mi lọ́wọ́. Èmi tí mo ka ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi! Ẹni tó wá yẹ̀ mí wò láti kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹ ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi wò, kò bi mí nípa ọmọ kankan. Ní ti àwọn ọmọ ọwọ́, a kàn kà nípa wọn ni. Ètò ìjọba ní kí ọmọ tí olùtọ́jú kan ń tọ́jú má ju 10 lọ ní kíréṣì, kí ó má sì ju 25 lọ ní jẹ́lé-ó-sinmi. A kọ ọ́ sínú ìdánwò, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi hàn wá bí a ṣe ń gba ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun là. Ẹ̀mí ọmọ lọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ECCE lo odindi táàmù kan ní kíréṣì kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó pọ̀ kì í fi nǹkan kan kún owó ẹni torí NCE, bẹ́ẹ̀ òun ni òfin sọ pé ó kéré jù fún olùkọ́. Àwọn kan tún máa ń fẹ́ kí ọmọ ọdún méjì kọ 1 dé 50. Mo máa ń ṣàlàyé fún àwọn òbí pé ìka ọmọ gbọ́dọ̀ lágbára ná: kó po amọ̀, kó ṣa ẹ̀wà, kó dé ìgò. Wọ́n máa ń gbọ́ tí wọ́n bá rí i pé mo mọ ohun tí mò ń sọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló sì fún mi ní ẹnu yẹn.

Ẹ má tíì sanwó kí ẹ tó ní kí wọ́n mú yín dé kíláàsì àwọn ọmọdé tó wà nínú ọgbà wọn. Tí ẹ ò bá rí ohun ìṣeré nílẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé orí àga ni gbogbo ọmọ jókòó sí gbagidi, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń rán àwọn ECCE lọ fún TP. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ lè gba sandwich, ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà ìsinmi. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bọ́, ohun tó bá sì kọ́ ní ìsinmi, yóò lò ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wọlé.