Igi whitebeam: Sorbus aria, 'Lutescens' àbí Sorbus intermedia, èwo ni kí ẹ rà?

Mẹ́ta ni ẹ máa sábà bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta igi whitebeam, igi ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń gbìn sọ́gbà. Àkọ́kọ́ ni Sorbus aria fúnra rẹ̀. Ìkejì ni 'Lutescens', tí wọ́n ṣà yàn láti ara Sorbus aria. Ìkẹta ni Sorbus intermedia, tí wọ́n ń pè ní whitebeam ti Sweden. Ní Yúróòpù, gbogbo wọn ló máa ń yọ òdòdó funfun ṣùṣù ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún, èso wọn á sì pọ́n nígbà ìwọ́wé. Tí ẹ bá fi òdòdó nìkan yàn, ẹ lè ra èyí tí kò bá ilẹ̀ yín mu.

Ewé ni kí ẹ wò dáadáa. Ẹ yí ewé Sorbus aria dojúdé: irun funfun wẹ́wẹ́ ló bo ẹ̀yìn rẹ̀ pátá, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí aṣọ àrán. Ojú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, etí rẹ̀ sì ní eyín kéékèèké. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú, ẹ̀yìn ewé á ṣí síta, gbogbo igi á sì funfun lójijì. Ti Sorbus intermedia gé wọnú létí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní àwọ̀ eérú. Ní ti 'Lutescens', tojú tẹ̀yìn ewé rẹ̀ tuntun ni irun funfun ń bò nígbà ìrúwé, kò sì sí èyí tó lẹ́wà tó o lákòókò yẹn lójú tèmi. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ pé funfun ojú ewé náà kì í pẹ́: tí ooru bá fi máa dé, á ti ṣí kúrò, á wá ku ti ẹ̀yìn.

Ilẹ̀ ẹfun ni Sorbus aria fẹ́ràn jù. Orí àwọn òkè ẹfun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tó ti ń hù fúnra rẹ̀. Ó lè fara da ọ̀dá, àmọ́ ibi tí omi ti ń dúró kò bá a lára mu rárá. Ó máa ń ga tó mítà 10 sí 15. Sorbus intermedia náà ń ga tó bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ sì máa ń fẹ̀. Èéfín mọ́tò àti atẹ́gùn oníyọ̀ etí òkun kì í dà á láàmú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tí ọgbà yín kò bá fẹ̀, 'Lutescens' ni mo máa ní kí ẹ mú, torí orí rẹ̀ kì í tètè gbalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ṣe pàtàkì sí ẹni tó ń ná owó. Sorbus intermedia lè so irúgbìn láìjẹ́ pé akọ àti abo pàdé, nítorí náà ọmọ rẹ̀ máa ń jọ ìyá. Sorbus aria kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ lè yàtọ̀ síra. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ta 'Lutescens' tó fi irúgbìn gbìn fún yín, ẹ má rà á. Lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ ọ, ìyẹn ni pé wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ìdí Sorbus mìíràn tàbí igi tó bá a tan kí méjèèjì lè dàgbà pọ̀. Ẹ wá ojú ìlọ́ náà nísàlẹ̀ igi: kó ti san dáadáa, kó má ṣe lanu. Ọ̀mùnú tó bá yọ nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe 'Lutescens', ẹ gé e kúrò.

Igi Sorbus aria le gan-an. Wọ́n ti fi ṣe eyín ẹ̀rọ rí kí irin tó gba ipò rẹ̀. Àwọn ẹyẹ máa ń jẹ èso rẹ̀.

Àrùn fire blight ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bakitéríà ló ń fà á, òdòdó àti ewé á rọ, ẹ̀ka á sì dúdú bí ìgbà tí iná rà á. Ẹ má ra igi tó ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀pọ̀.

Tó bá jẹ́ èyí tí kò sí ilẹ̀ ní gbòǹgbò rẹ̀ lẹ rà, àárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni kí ẹ gbìn ín, nígbà tí igi ń sùn. Ẹ má jẹ́ kí gbòǹgbò gbẹ lójú ọ̀nà. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ju gbòǹgbò lọ, ẹ má rì í jìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ojú ìlọ́ sì wà lókè ilẹ̀. Ẹ fi òpó gbè é lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì máa bomi rin ín nígbà ọ̀dá ní ọdún méjì àkọ́kọ́.